Iṣẹ́ àjọṣe fún akẹ́kọ̀ọ́: ta ni kó pín ọ̀wọ́, báwo ni ká sì ṣe pín máàkì?

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Abẹ́òkúta, ì báà jẹ́ FUNAAB lọ́nà Àlàbàtà, MAPOLY ní Òjèrè tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, agbára káká ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń parí sáà kan láìṣe iṣẹ́ tí wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ láti jọ ṣe. Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò ṣàjèjì sí ẹni tó ti ṣe olùkọ́ rí: ẹni méjì ṣe iṣẹ́, ẹni kan tẹ̀ ẹ́, orúkọ ẹni mẹ́jọ ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà pé ìwà ọ̀lẹ àwọn ọmọ ìwòyí ló fà á. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìwòyí. Maximilien Ringelmann, onímọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ará Faransé, wọn ipá àwọn tó ń fa okùn, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1913: nígbà tí ènìyàn 8 jọ fa okùn kan, ipá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò kò ju bí ìdajì èyí tó lò nígbà tó dá fà á. Ní 1979, Latané, Williams àti Harkins ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pariwo, kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́, ní àwọn nìkan àti ní àpapọ̀. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí náà ló wá fi hàn ní 1981 pé nígbà tí àwọn tó ń pariwo gbà pé wọ́n ń wọn ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ìmẹ́lẹ́ náà lọ.

Nítorí náà, ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn nínú àwọn tí a fẹ́ fi wéra níhìn-ín, ìbéèrè kan ni kí ẹ fi dán an wò: ṣé olùkọ́ á lè rí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe kí ọjọ́ ìfisílẹ̀ tó pé? Bí àáró ló yẹ kó rí, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ oko ẹni tó kàn àti ẹni tí kò wá. Èyí tí à ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń jọ ọ̀wẹ̀: ẹni tó bá dé á ṣe díẹ̀, ẹni tí kò sì ṣe nǹkan kan náà á jẹun.

Ta ni kó pín wọn?

| Ọ̀nà | Ibi tó ti wúlò | Ibi tó ti ń bàjẹ́ |
|---|---|---|
| Wọ́n yan ara wọn | Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 1 tàbí 2 | Ọ̀rẹ́ ń bo ọ̀rẹ́. Àwọn tó ṣẹ́kù di ọ̀wọ́ kan |
| Nọ́ńbà mátíríìkì | Iṣẹ́ inú kíláàsì ọjọ́ kan | Àwọn kan náà ló ń wà pọ̀ lọ́dọọdún |
| Ìbò (ṣíṣẹ́ kèké) | Kíláàsì tí olùkọ́ kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ | Orí ló kù. Ọ̀wọ́ kan lè má ní ẹni tó mọ ìṣirò rárá |
| Olùkọ́ fi fọ́ọ̀mù pín wọn | Iṣẹ́ tó ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ | Ó ń gba àkókò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ kùn |

Nọ́ńbà mátíríìkì ni wọ́n ń lò jù, nítorí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó sì dà bíi pé kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí nọ́ńbà ti wá. Níbi tí ẹ̀ka bá ti to orúkọ ní alífábẹ́ẹ̀tì kó tó pín nọ́ńbà, àwọn Adé á wà lójú kan, àwọn Mohammed àti Musa á wà lójú kan, Okafor àti Okeke á wà lójú kan. Bí àwọn tó gba Direct Entry wọlé bá sì wà nísàlẹ̀ ìwé orúkọ, ọ̀wọ́ méjì tó kẹ́yìn á kún fún àwọn tó ti ní ND tàbí NCE, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ oṣù. Wọ́n á mọ iṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ, wọn ò sì ní rí ọjọ́ pàdé. Èyí tó tún burú jù ni pé gbogbo olùkọ́ ló ń lo ìwé orúkọ kan náà: ènìyàn márùn-ún kan náà á jọ wà láti ọdún kìíní dé ọdún kẹrin, ọ̀lẹ àárín wọn á sì ti mọ ẹni tí yóò bá òun ṣe é.

Kí wọ́n yan ara wọn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́. Ẹ̀tọ́ wọn kọ́ ni, àmọ́ ó ní àyè tirẹ̀. Fún iṣẹ́ kékeré, ọ̀rẹ́ kò nílò ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó mọ ọwọ́ ara wọn. Fún iṣẹ́ gígùn, ọ̀rẹ́ kì í fẹ́ fi ọ̀rẹ́ sùn, nítorí náà olùkọ́ kò ní gbọ́ nǹkan kan títí dìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò yàn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá láti ẹ̀ka mìíràn, ẹni tó ní kárí-ófà, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, gbogbo wọn á wá bára wọn nínú ọ̀wọ́ kan ṣoṣo, ọ̀wọ́ yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ dàrú.

Bí iṣẹ́ náà bá máa ju oṣù kan lọ, ẹ fi fọ́ọ̀mù pín wọn fúnra yín. Ẹ béèrè nǹkan márùn-ún péré: àdúgbò tí ó ń gbé (Camp, Ọbáńtokò, Àsèrò, Pánṣẹ́kẹ́, Òjèrè), wákàtí tí kò ní kíláàsì láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Sátidé, máàkì tó gbà nínú ẹ̀kọ́ tó ṣáájú èyí, bóyá ó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, iṣẹ́ kan tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa (ìṣirò, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìwé kíkọ, àwòrán). Wákàtí òfìfo ni kí ẹ fi ṣáájú, kì í ṣe ọgbọ́n orí. Ọ̀wọ́ tó ní onímọ̀ mẹ́rin ṣùgbọ́n tí kò ní wákàtí méjì kan náà lọ́sẹ̀ kò ní lè ṣe nǹkan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ po máàkì pọ̀: ẹnì kan láti òkè, méjì láti àárín, ẹnì kan láti ìsàlẹ̀. Àdúgbò ló kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ má fojú di í. Ẹni tó ń gbé ní Lafẹ́nwá tí àwọn yòókù ń gbé ní Camp á sanwó ọkọ̀ títí yóò fi sú u. CATME Team-Maker, ohun èlò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó wá láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, ń ṣe irú pípín yìí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n fún kíláàsì tí kò ju 60 lọ, Excel àti ìrọ̀lẹ́ kan tó.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún orí: ẹ má fi obìnrin kan ṣoṣo sáàárín ọkùnrin mẹ́ta, pàápàá ní ẹ̀ka tí obìnrin kò ti pọ̀. Wọ́n á sọ ọ́ di akọ̀wé, òun ni yóò máa tẹ ìwé, òun ni yóò lọ ṣe fọ́tòkọ́pì. Ẹ fi méjì sí ọ̀wọ́ kan, kí ọ̀wọ́ mìíràn má sì ní rárá. Ìlànà yìí náà ló bá ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá mu: bí ìjíròrò bá ti gbóná, àwọn yòókù á yí sí Yorùbá, òun á sì di ẹni tí wọ́n ń ṣàlàyé fún lẹ́yìn tí wọ́n ti pinnu tán.

Ẹni mélòó?

Mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún iṣẹ́ tí wọ́n á lọ ṣe lẹ́yìn kíláàsì. Márùn-ún sí méje bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí wọn yóò ṣe lójú yín nínú kíláàsì; iye tí Larry Michaelsen lò nìyẹn nínú ọ̀nà ìkọ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Oklahoma ní apá ìparí àwọn ọdún 1970. Ohun tó fà á tí iye méjèèjì fi tọ̀nà ni pé nínú kíláàsì, olùkọ́ ló ti ṣètò wákàtí, kò sì sí ẹni tó lè sá. Lẹ́yìn kíláàsì, àwọn fúnra wọn ni wọn yóò wá wákàtí. Láàárín ẹni 4, ìbátan ẹni méjì-méjì 6 ló wà. Láàárín ẹni 8, ó ti di 28.

Ohun tó ń mú olùkọ́ lo ẹni mẹ́jọ ni iye ìwé tí yóò kà. Kíláàsì 160, ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, ìwé 20 ni. Ní mẹ́rin-mẹ́rin, ó di 40. Ẹ dín ojú ìwé kù dípò kí ẹ máa fi ènìyàn kún un: ìwé 20 tó ní ojú-ewé 15 jẹ́ ojú-ewé 300, ìwé 40 tó ní ojú-ewé 4 jẹ́ 160. Ojú-ewé mẹ́rin kò fi bẹ́ẹ̀ láyè fún àdàkọ láti íntánẹ́ẹ̀tì, èyí sì dára fún gbogbo wa.

Bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ náà

Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, orí-orí ni wọn yóò fi pín in: ìwọ kọ orí kìíní, èmi orí kejì. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ: kí wọ́n ṣírò èrè tó wà nínú adìrẹ yáàdì 5 ní ọjà Ìtòkú, lọ́wọ́ àwọn 12 tó ń tà á. Bí wọ́n bá fi orí pín in, ẹni orí kìíní á wa ìtàn adìrẹ jáde nínú fóònù rẹ̀, kò ní tẹ Ìtòkú. Ẹni orí kẹta nìkan ló mọ ohun tí àwọn oníṣòwò sọ. Ẹni tó kọ àbọ̀ ìparí á kọ ohun tí kò bá iye tó wà nínú tábìlì mu. Lọ́jọ́ ìfisílẹ̀, wọ́n á kàn gán gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Bí wọ́n bá fi àwọn tí wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀ pín in, ẹnì kọ̀ọ̀kan á rí oníṣòwò mẹ́ta. Gbogbo wọn á béèrè ohun kan náà: iye aṣọ funfun, iye aró, iye sódà àti háídírò, owó tí wọ́n san fún aláró, iye tí wọ́n tà á. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta, kí wọ́n tó pa á pọ̀. Ẹ ti rí iṣẹ́ ẹni mẹ́rin nìyẹn kí ìwé kankan tó wà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí wọ́n wá pín ìwé kíkọ, kí ẹni tí kò kọ apá kan sì jẹ́ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà kejì yìí gbówó ọkọ̀ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ipò mẹ́rin ló tó fún ọ̀wọ́: olùdarí, akọ̀wé àkọsílẹ̀, olùṣọ́ (ẹni tó ń rí i pé gbogbo wọn lóye ohun tí wọ́n ń ṣe), àti olùyẹ̀wò. Kí ipò máa yí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ẹnì kan bá ṣe olùdarí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á di ọ̀gá, àwọn yòókù á sì máa retí àṣẹ.

Máàkì: ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Máàkì kan náà fún gbogbo ènìyàn rọrùn, ó sì burú. Ó ń sọ fún ẹni tó ṣiṣẹ́ pé òmùgọ̀ ni. Kò yẹ kí ẹ lo òun nìkan fún ohun tó ju máàkì 5 lọ.

Ọ̀nà kejì ni pé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ díye lé ara wọn, kí ẹ sì fi ìdíyelé náà tún máàkì ọ̀wọ́ ṣe. Kaufman, Felder àti Fuller ṣàlàyé ọ̀nà kan ní 2000 tó ní ìpele 9, láti “ó tayọ” tó jẹ́ 100 dé “a kò rí i” tó jẹ́ 0, tí 12.5 sì wà láàárín ìpele kan sí èkejì. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní ìwé ọ̀wọ́ kan gba 70. Ìpíndọ́gba tí àwọn ẹlẹgbẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nìyí: A 87.5, B 87.5, D 75, E 50. Ẹ ro wọ́n pọ̀, 300. Ẹ pín in sí mẹ́rin, 75. Ẹ wá fi 75 pín ti ẹnì kọ̀ọ̀kan: A àti B á ní 1.17, D á ní 1, E á ní 0.67. Ẹ fi ìyẹn sọ 70 di púpọ̀. D á gba 70, E á gba 46.7. A àti B ì bá gba 81.7, ṣùgbọ́n ìlànà náà fi òté 1.05 sí i, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó lè ní ju 1.05 lọ, nítorí náà 73.5 ni wọ́n á gbà. Ẹ má yọ òté yẹn kúrò. Bí kò bá sí i, ẹni tó mọ̀wé jù á gbọ́n, á gba gbogbo iṣẹ́ ṣe, á sì fi àwọn yòókù ṣe àtẹ̀gùn.

Ibi mẹ́ta ni ìdíyelé ti ń kùnà lọ́dọ̀ wa. Èkíní, àjọsọ: gbogbo wọn á fún ara wọn ní 100. Kò ba nǹkan jẹ́, nítorí 1 ni gbogbo wọn á ní, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún yín. Èkejì, ọ̀rọ̀ àgbà. Ọmọ ọdún 19 kò ní fún ẹni ọdún 27 tó ń pè ní “ẹ̀gbọ́n” ní 37.5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n kò yọjú rárá. Ẹ̀kẹta, ìjà ọ̀tọ̀ tí wọ́n gbé wá láti ilé tàbí láti ìdíje olórí kíláàsì. Oògùn kan náà ló wà fún méjì àkọ́kọ́: kí ó jẹ́ ìkọ̀kọ̀, kí ẹnikẹ́ni má rí ohun tí ẹlòmíràn kọ, kí ẹ má sì béèrè irú ènìyàn tí ẹnì kan jẹ́. Ohun tó ṣe ni kí ẹ béèrè. Ṣé ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dá? Ṣé ó wá sí ìpàdé? Ṣé ó gbọ́rọ̀ sí àwọn yòókù lẹ́nu? Ṣé ó tún èyí tí wọ́n ní kò dára ṣe? Ẹ̀gbọ́n tí ọmọdé kò lè pè ní ọ̀lẹ, ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá sí ìpàdé mẹ́ta nínú márùn-ún. Ní ti ìjà, ẹ wo nọ́ńbà tó dá yàtọ̀: bí ẹni méjì bá fún E ní 75 tí ẹnì kan sì fún un ní 0, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n ṣe é. Èyí àkọ́kọ́, ní ọ̀sẹ̀ kárùn-ún, kò gbọ́dọ̀ ní máàkì nínú, ìkìlọ̀ ni. Ẹni tó bá rí i pé 50 ni àwọn ẹlẹgbẹ́ fún òun á ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún mìíràn láti ṣàtúnṣe. Bó bá jẹ́ ìparí nìkan ni ẹ ṣe é, ìyà lásán ni.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí ẹ ya apá kan sọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú máàkì 30 tó wà ṣáájú ìdánwò, 15 lè jẹ́ ti ọ̀wọ́, 10 fún ìdánwò kékeré tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá ṣe lórí gbogbo iṣẹ́ náà, 5 fún ìwé tó fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta. Ìdánwò kékeré yẹn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí apá tí ó kọ. Ẹ bi ẹni tó ṣe ìṣirò nípa ohun tí àwọn oníṣòwò sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mú ẹyọ kan, ẹ mú ìkẹta yìí, kò nílò ìfọkàntán. Bí iṣẹ́ bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ẹ fi ìkejì kún un lórí 15 ti ọ̀wọ́.

Àwọn olùkọ́ kan ti ń wo ìtàn àtúnkọ nínú Google Docs láti mọ ẹni tó ṣiṣẹ́. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí tó dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè kọ apá tirẹ̀ sórí bébà, kí ó ya á ní fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kí ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́. Orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni Google yóò gbé jáde.

Àdéhùn, ìpàdé àti WhatsApp

Kí ọ̀wọ́ kọ àdéhùn ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ojú-ewé kan, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Èyí tí kò níláárí máa ń rí báyìí: “A ó bọ̀wọ̀ fún ara wa, a ó sì ṣiṣẹ́ takuntakun.” Kò sí ẹni tó lè rú u, nítorí náà kò sí ẹni tó lè pa á mọ́. Èyí tó ṣiṣẹ́ á rí báyìí:

“A ó máa pàdé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nílé ìkàwé. Ẹni tí kò bá lè wá, kó sọ kí aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ajé tó lù. Bí ẹnì kan kò bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a dá, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, a ó kọ̀wé sí i, olùkọ́ á sì gba ẹ̀dà.”

Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má fi ìpàdé sí ọjọ́ Ẹtì láàárín aago kan sí mẹ́ta, nítorí Jímọ̀.

WhatsApp dára fún ìkéde àti fún fífi fọ́tò ránṣẹ́. Kò dára fún ìpinnu: ẹni tí dátà rẹ̀ tán tàbí tí iná ò sí ládùúgbò rẹ̀ á jí bá ìpinnu tí wọ́n ti ṣe. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ìpinnu lójúkojú, kí akọ̀wé sì fi í sórí WhatsApp lọ́jọ́ kan náà: ẹni tó wá, ohun tí a pinnu, ẹni tó ń ṣe kín ni, ọjọ́ wo. Ìlà mẹ́rin péré. Ẹ̀yin kò nílò láti wà nínú gbogbo gúrúùpù WhatsApp wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi ìlà mẹ́rin yẹn ránṣẹ́ sí yín lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Bí ìjà bá dé

Ìjà ọ̀sẹ̀ kẹta kì í ṣe àmì pé ẹ kò pín wọn dáadáa. Láti 1965 ni Bruce Tuckman, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ pé ìforígbárí máa ń wà láàárín ìgbà tí ọ̀wọ́ bá kóra jọ àti ìgbà tí wọ́n bá rí ìlànà wọn. Olùkọ́ tó bá tún ọ̀wọ́ pín lọ́sẹ̀ kẹta dá wọn padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ni, gbogbo ọ̀wọ́ yòókù tí wọ́n ti fẹ́ parí ìjà tiwọn á sì sá wá béèrè pé kí ẹ tún tiwọn náà pín. Ẹ gbọ́ ẹjọ́, ẹ ka àdéhùn wọn fún wọn, ẹ rán wọn padà.

Bó bá wá jẹ́ pé ẹnì kan kò ṣe nǹkan kan, ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọ̀wọ́ láti yọ ọ́. Lẹ́tà ìkìlọ̀ kan, ẹ̀dà fún yín. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò yí padà, lẹ́tà kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ó ti kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta tó máa gbà á, bí kò bá sì rí, òfo ló gbà fún apá ti ọ̀wọ́. Ẹni tí iṣẹ́ ń pa nìkan náà lè kọ lẹ́tà méjì kó sì kúrò. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀, nítorí lẹ́tà àkọ́kọ́ sábà máa ń tó. Ẹ ṣì fi ìlànà náà sínú ìwé ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ kìíní.

Fún àwọn tó ní kíláàsì 300 tí kò sí olùrànlọ́wọ́, púpọ̀ nínú èyí tó wà lókè yìí á wúwo. Ọ̀nà kan ṣì wà tó fúyẹ́: ìdáhùn ẹnu fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fi ìbò mú ẹnì kan nínú ọ̀wọ́ láti dáhùn, kí máàkì rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo wọn. Á mú kí àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí wọn kò mọ ẹni tí ìbò máa mú. Ẹ kéde rẹ̀ lọ́sẹ̀ kìíní, kí ẹ sì má jẹ́ kí ó ju máàkì 10 lọ. Kíláàsì tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìdáhùn gan-an á kà á sí ìrẹ́jẹ, àwíjàre wọn á sì tọ́.